Ẹtu Tí Mọ́tò Gbá: Ṣé Ká Pa Á Kó Sinmi, àbí Ká Fi Í Sílẹ̀?

ÌBÉÈRÈ

Dókítà wa, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni mo ń tà ní Ìjẹ̀bú-Òde, Ọ̀rẹ̀ ni mo sì ti máa ń lọ rà á. Lọ́jọ́ kan báyìí, à ń bọ̀ láti Ọ̀rẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, ilẹ̀ ti ń ṣú. Nígbà tí a sún mọ́ ibi tí wọ́n ń pè ní J4, ẹtu kan ṣàdédé já sójú títì. Awakọ̀ tẹ bíréèkì, ṣùgbọ́n ó ti bọ́ sórí, iwájú ọkọ̀ gbá a nídìí. Ẹtu náà kò kú. Ó fi ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì dìde, ó ń wọ́ ìdí nílẹ̀ títí ó fi dé inú koríko lẹ́bàá ọ̀nà, ó wá dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Mo rí omi dúdú kan lábẹ́ ojú rẹ̀ bí ẹni tó ń sunkún.

Bí a ṣe sọ̀ kalẹ̀ ni àríyànjiyàn bẹ̀rẹ̀. Awakọ̀ mú irin jáàkì, ó ní òun á fọ́ ọ lórí kó lè sinmi. Ọkùnrin kan ní kò sóhun tó jọ ọ́, ká gbé e láàyè sínú búùtù, ó ní àwọn tó ń ta ẹran ìgbẹ́ lẹ́bàá ọ̀nà á rà á. Arábìnrin kan ní Ọlọ́run nìkan ló ni ẹ̀mí, ká fi í sílẹ̀ fún Ẹlẹ́dàá rẹ̀. Èmi ni mo bẹ awakọ̀ pé kó má lù ú, bóyá ó ṣì máa dìde. Ibi tí a ti ń fa ọ̀rọ̀ yìí mọ́ra wa lọ́wọ́ ni ẹran náà ti ké lẹ́ẹ̀mejì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, nígbà tó ṣe, ó kú fúnra rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kò kúrò lọ́kàn mi. Ṣé ẹ̀bẹ̀ mi ló jẹ́ kí ìyà rẹ̀ pẹ́? Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni kéèyàn pa ẹran ìgbẹ́ tó ń jẹ̀rora? Kí ló yẹ ká ṣe?

Èmi ni tiyín,
Ìyá Ọlọ́gẹ̀dẹ̀, Ìjẹ̀bú-Òde.

ÌDÁHÙN

Ìyá wa, ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé. Kí n kọ́kọ́ sọ ẹrù tó wà lọ́rùn yín kalẹ̀: ẹ kò ṣẹ̀ tí ẹ fi bẹ awakọ̀ pé kó má lu ẹtu náà. Ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú gbogbo nǹkan lẹ bi, pé ṣé ó ṣì lè dìde? Àmì tó máa dá yín lóhùn wà lára ẹran náà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó mọ àmì náà nínú ọkọ̀. Ohun tí wọn ò bá kọ́ èèyàn, kò sí bó ṣe fẹ́ mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ fara balẹ̀ dá yín lóhùn, kí àwọn mìíràn tó bá irú rẹ̀ pàdé náà lè mọ ohun tí wọn á ṣe.

Mi ò ní fi èrò mi pamọ́. Bí ẹranko bá fara pa débi pé kò lè padà sí irú ayé tó ń gbé nínú igbó mọ́, tó sì ń jẹ̀rora, àánú ni kí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe fòpin sí ìrora náà kíákíá. Fífi í sílẹ̀ kó máa joró kì í ṣe àánú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ wa á mọ́ nínú ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a tó ronú kan pípa rárá, ó yẹ ká wò ó dáadáa. Àwọn méjì ló sì máa ń ṣìṣe níbi báyìí: ẹni tó kánjú pa èyí tó ṣì lè yè, àti ẹni tó fi èyí tí kò lè yè mọ́ sílẹ̀.

Ohun tí ẹ rí lára ẹtu náà

Ẹ ní ó fi ẹsẹ̀ iwájú dìde, ó sì ń wọ́ ìdí. Àmì pé ọ̀pá ẹ̀yìn ti ṣẹ́ nìyẹn lọ́pọ̀ ìgbà. Nínú egungun ẹ̀yìn ni fọ́nrán kan gbà kọjá, òun ló ń gbé ìmọ̀lára lọ sí ọpọlọ, tó sì ń gbé àṣẹ láti ọpọlọ lọ sí gbogbo ara. Bí egungun yẹn bá fọ́, tó sì gé fọ́nrán náà, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kò ní gbọ́ràn mọ́, ìtọ̀ àti ìgbẹ́ á máa jáde fúnra wọn, kò sì sí ìtọ́jú tó lè so ó padà fún ẹtu. Ẹran náà lè má mọ ohunkóhun lára ẹsẹ̀ ẹ̀yìn mọ́, ṣùgbọ́n gbogbo ara rẹ̀ láti ojú ibi tó ṣẹ́ síwájú ṣì ń gbọ́ ìrora. Ẹtu tí kò lè sáré kò lè jẹun, kò lè sá fún òjòlá, kò lè sá fún ajá. Ẹ̀bẹ̀ yín kọ́ ló pa á. Ọkọ̀ ti ṣe é ní ohun tí kò ní àtúnṣe kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀.

Ní ti omi dúdú tí ẹ rí lábẹ́ ojú rẹ̀, ẹkún kọ́ o. Ẹtu ní ẹṣẹ́ kan lábẹ́ ojú kọ̀ọ̀kan, ẹ̀yin náà á rí ìlà rẹ̀ lára èyíkéyìí tí ẹ bá wò dáadáa. Omi tó ń jáde níbẹ̀ ló máa ń fi pa ara igi àti ewé láti sàmì sí ibùgbé rẹ̀. Mi ò sọ èyí kí ẹ lè rò pé kò dùn ún. Ó dùn ún gan-an. Mo sọ ọ́ nítorí pé bí a bá ń wá ìrora ẹranko ní ojú bíi ti èèyàn, a máa ń ṣì í mọ̀. Ẹran tí ẹkùn àti òjòlá ń dọdẹ kì í sábà fi ìrora hàn, torí pé èyí tó bá fi hàn ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbá mú. Nítorí náà, ẹ má ṣe rò pé ara ti tu ẹran tó bá dákẹ́. Ìhà rẹ̀ ni kí ẹ wò, bó ṣe ń lọ sókè sódò. Ihò imú rẹ̀, bó ṣe ń fẹ̀. Iṣan ara rẹ̀, bó ṣe ń gbọ̀n. Ojú rẹ̀, bó ṣe là kalẹ̀ láìṣẹ́. Ibẹ̀ ni ìrora àti ìbẹ̀rù ti ń sọ̀rọ̀.

Ẹ má kánjú

Mo ti sọ pé àwọn kan ń kánjú. Ọ̀pọ̀ ẹranko tí mọ́tò gbá ni òòyì lásán kọ́ lójú. Á dùbúlẹ̀ bí òkú, nígbà tó bá pẹ́ díẹ̀ á gbọn orí, á dìde, á sì wọgbó lọ. Ẹyẹ tó forí sọ gíláàsì fèrèsé náà ń kọ́? Bákan náà ni. Ẹ gbé e sínú páálí tí ẹ ti dá ihò sí lára, ẹ gbé páálí náà síbi tó ṣókùnkùn tó sì dákẹ́, ẹ má fún un lóúnjẹ, ẹ má sì bu omi sí i lẹ́nu, torí omi lè gba ọ̀nà èémí rẹ̀ lọ. Bí wákàtí kan tàbí méjì bá kọjá, ẹ ṣí i níta. Púpọ̀ nínú wọn á fò lọ.

Èyí tó sì ní àbùkù ara náà, kì í ṣe gbogbo wọn ni ayé ti tán fún. Nínú igbó Budongo ní orílẹ̀-èdè Uganda, ọ̀pọ̀ ìnàkí ni tàkúté ti gé lọ́wọ́ tàbí ní ìka, síbẹ̀ wọ́n ń gun igi, wọ́n ń jẹun, wọ́n ń bímọ, wọ́n sì ń tọ́ ọ. Ọgbẹ́ tó bani lẹ́rù lójú wa lè jẹ́ ohun tí ẹranko náà á gbé dàgbà. Ojú wa kò gbọ́dọ̀ jẹ́ òṣùwọ̀n, bí ẹran náà ṣe máa gbé ayé lẹ́yìn náà ni òṣùwọ̀n.

Àmì tó ń sọ fún mi pé ìrètí ti pin nìwọ̀nyí: ọ̀pá ẹ̀yìn tó ṣẹ́, bíi ti ẹtu yín, ikùn tó là tí ìfun tú síta, ẹ̀jẹ̀ tó ń hó jáde nímú tàbí lẹ́nu nígbà tó bá ń mí, agbárí tó fọ́, ẹsẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tó rún, ọgbẹ́ ńlá tó ti rà, tí ìdin ti gbilẹ̀ nínú rẹ̀ tí ẹran náà kò sì lè dìde mọ́. Bí kò bá sí èyíkéyìí nínú wọn, ẹ sún sẹ́yìn, ẹ fún un láyè, ẹ wá ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Ta ló fa ọgbẹ́ náà?

Arábìnrin tó ní ká fi í sílẹ̀ fún Ẹlẹ́dàá rẹ̀ sọ ohun tí ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ gbà lóòótọ́, mo sì bọ̀wọ̀ fún un. Bó bá jẹ́ òjòlá ló mú ẹtu nínú igbó, mo fara mọ́ ọn pé ká máa bá tiwa lọ, oúnjẹ òjòlá ni. Ṣùgbọ́n òjòlá kọ́ ló gbá èyí. Ọkọ̀ wa ni, lórí títì tí àwa là gba àárín igbó kọjá. Igbó ọba Omo tó wà ní agbègbè J4 yẹn, tí àjọ UNESCO ti kà mọ́ àwọn igbó tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ pa mọ́ láti 1977, ibùgbé ẹran ni kí títì tó dé. Erin ṣì ń gbé inú rẹ̀ títí di òní. Ẹran tí ọkọ̀ wa gbá, èyí tí tàkúté wa mú, èyí tí iná tí a fi sungbó jó, ọwọ́ wa ni ọgbẹ́ wọn ti wá, ojúṣe sì já lé wa léjìká. Àwọn àgbà ní ẹni tí yóò bá fi igi ṣónṣó gún ọmọ ẹyẹ, kó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò. Ẹni tó ti gún un tán ní tirẹ̀, kò yẹ kó ní òun ò mọ̀ nípa rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣẹ̀ tí ẹ bi mí, èmi kì í ṣe ààfáà tàbí pásítọ̀, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú ìwé kò ṣókùnkùn. Lára ẹran tí Àlùkùráánì kà léèwọ̀ ní Súrà karùn-ún, ẹsẹ kẹta, ni òkúǹbete wà, àti èyí tí wọ́n lù pa àti èyí tó ṣubú láti òkè kú; ó sì yọ èyí tí wọ́n bá láàyè tí wọ́n sì dúńbú sílẹ̀. Hàdíìsì kan nínú àkójọ Muslim pa á láṣẹ pé kí ẹni tó bá fẹ́ dúńbú ẹran pọ́n ọ̀bẹ rẹ̀ mú, kó má jẹ́ kí ẹran náà joró. Nínú Bíbélì, ìwé Òwe orí 12 ka àánú ẹran mọ́ ìwà olódodo. Ọdẹ ilẹ̀ wa náà mọ̀ pé ìtìjú ni kí òun yìnbọn lu ẹran kí òun sì padà sílé láìtọ ipa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Kò sí èyí tó ní ká jẹ́ kí ẹran máa joró kí ọwọ́ wa lè mọ́.

Irin jáàkì àti búùtù

Awakọ̀ yín ní èrò rere, ṣùgbọ́n ohun tó mú dání kò dára. Orí ni ẹtu máa ń fi kan ara wọn jà, egungun iwájú orí rẹ̀ nípọn. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ṣe, tí ọkàn rẹ̀ ń gbọ̀n, tó ń lu ẹran tó ń jà lójú òkùnkùn, kò ní rí i pa lẹ́ẹ̀kan. Á fọ́ ojú, á fọ́ àgbọ̀n, á tún lù ú lẹ́ẹ̀kejì àti lẹ́ẹ̀kẹta. Ìyà lórí ìyà nìyẹn.

Ti ọkùnrin búùtù ló burú jù. Ẹtu kì í mọ̀ pé a fẹ́ ràn án lọ́wọ́. Ọwọ́ èèyàn lára rẹ̀, ọwọ́ ẹkùn ni. Bí a bá ti ọ̀kan tó ṣẹ́ lẹ́yìn mọ́ inú búùtù, tí ọkọ̀ ń gbọn ọ́n, ìbẹ̀rù àti ìjàkadì á máa ba iṣan ara rẹ̀ jẹ́ láti inú, ohun tó ń tú jáde nínú iṣan náà á sì kọlu kíndìnrín. Kódà ẹran ìgbẹ́ tí kò lọ́gbẹ́ kankan lè ti ipa bẹ́ẹ̀ kú láàárín wákàtí díẹ̀ tàbí ọjọ́ mélòó kan. Bẹ́ẹ̀, nítorí kí owó má bàa bọ́ ni. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa: lójú títì, ìfẹ́ ẹran jíjẹ máa ń wọ aṣọ àánú. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá àánú ló ń ṣe òun, kó bi ara rẹ̀ pé bí wọn ò bá ní jẹ́ kí òun gbé ẹran náà lọ, ṣé òun á ṣì dúró?

Báwo ni ká ṣe ṣe é nígbà náà?

Ẹ̀mí èèyàn ni kó ṣáájú. Títì Ọ̀rẹ̀ kì í ṣe ibi tí èèyàn ń dúró sí láìfura lálẹ́. Kí awakọ̀ wà sẹ́bàá ọ̀nà dáadáa, kó tan iná tó ń ṣẹ́jú, kó gbé C-caution sẹ́yìn ọkọ̀, kí èrò má dúró sójú títì.

Lẹ́yìn náà, ẹ dákẹ́. Kí gbogbo èèyàn sún sẹ́yìn, kí wọ́n pa iná fóònù, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ pa á lára. Bí ẹ bá ní aṣọ tí kò wúwo, kí ẹnì kan ṣoṣo rọra fi bò ó lójú láti ẹ̀yìn. Òkùnkùn máa ń dín ìbẹ̀rù ẹran kù. Ẹ má fún un lómi. Ẹ má sún mọ́ ẹran tó lè pa èèyàn lára rárá, bíi ìmàdò tàbí ọ̀bọ ńlá.

Kí ẹnì kan wá wá ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe. Dókítà ẹran ló dára jù. Ó ní abẹ́rẹ́ tó máa mú ẹran sùn lọ, tí kò fi ní jí mọ́. Ilé ìwòsàn ẹran wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó sì wà ní yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ti Abẹ́òkúta. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹni tó wà ní J4 lálẹ́ jìnnà sí méjèèjì. Níbẹ̀, olùṣọ́ igbó, ọdẹ tó gba ìwé àṣẹ ìbọn, tàbí alápatà tó mọṣẹ́ ni kí ẹ bi ará abúlé léèrè. Ìbọn tí ọdẹ mọ ojú ibi tó máa yìn ín sí a máa pa ẹran lójú ẹsẹ̀. Ọ̀bẹ mímú lọ́wọ́ alápatà tó máa fà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo á mú kí ẹran tí kò ju nǹkan bíi kílò 10 lọ dákú láàárín ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀. Ọ̀bẹ kíkú kò ṣe é lò. Ẹ má ri ẹran sómi, ẹ má fi májèlé sí i lẹ́nu, ẹ má fún un lọ́rùn. Bí kò bá sí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe rárá nítòsí, òkùnkùn, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ àti àyè ni ìrànlọ́wọ́ tó kù. Kì í ṣe gbogbo ohun tó dùn wá ni agbára wa ká.

Kí ẹ tó ní ó ti kú, ẹ fi ewé koríko gígùn kan kàn án lẹ́yinjú. Bí ojú bá ṣẹ́, ó ṣì wà láàyè. Bí kò bá ṣẹ́, tí kò mí mọ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ó ti lọ.

Ẹ ṣọ́ra fún ẹ̀jẹ̀ àti itọ́ rẹ̀. Ẹ fi nílọ́ọ̀nù tàbí ìbọ̀wọ́ bọ ọwọ́. Bí ẹranko bá gé yín jẹ, pàápàá èyí tó ń ṣe bíi pé kò bẹ̀rù èèyàn, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Àrùn dìgbòlugi kì í gbọ́ oògùn mọ́ tó bá ti fara hàn lára èèyàn, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ tí a bá tètè gbà ń dá a dúró.

Ẹran tí dókítà bá gún lábẹ́rẹ́ ikú kò ṣe é jẹ, kò sì yẹ ká sọ ọ́ nù sínú igbó. Oògùn náà á wà nínú òkú rẹ̀, igún tó bá jẹ níbẹ̀ lè kú pẹ̀lú. Igún wa tí a mọ̀ ní ọjà àti ní ilé alápatà ti wà lára àwọn ẹyẹ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ láyé báyìí. Ẹ gbẹ́ ilẹ̀ jinlẹ̀, kí ẹ sì sin ín.

Àwọn ẹranko kan wà tí ẹ kò gbọ́dọ̀ pa tàbí gbé lọ fúnra yín, bó ti wù kí ọgbẹ́ wọn pọ̀ tó. Òfin tí Nàìjíríà ṣe ní 1985 nítorí ẹ̀dá tó ń lọ sí ìparun dáàbò bo irú ìnàkí àti akika, ẹran onípẹ́ tó máa ń ká ara rẹ̀ jọ. Ẹ pe òṣìṣẹ́ igbó tàbí dókítà ẹran sí irú wọn. Ìrètí máa ń wà fún wọn ju bí a ṣe rò lọ: dókítà ẹran Mark Ofua ní Èkó ti gba akika púpọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń tà wọ́n, ó tọ́jú wọn, ó sì dá wọn padà sínú igbó.

Ìyá wa, ìdájọ́ mi lórí ọ̀rọ̀ yín nìyí. Ẹtu náà kò lè yè. Ó yẹ kí ẹni tó mọṣẹ́ ràn án lọ́wọ́ kú kíákíá. Ẹni bẹ́ẹ̀ kò sí nínú bọ́ọ̀sì yín, ẹ kò sì jẹ̀bi. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àánú tí ẹ ní ṣe yín yẹ̀yẹ́.

Ẹ̀yin awakọ̀ tó ń kà á, mo bẹ̀ yín, ẹ dín eré kù níbi tí igbó bá wà lọ́tùn-ún lósì, pàápàá ní ìdájí àti nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú. Ẹ̀yin tó ń rin ọ̀nà jíjìn, ẹ wá nọ́mbà dókítà ẹran kan ní ìlú tí ẹ ń gbà kọjá, kí ẹ sì fi pa mọ́ sínú fóònù yín lónìí.